Wọ́n dín ọ́síjìn Màmá mi kù, wọ́n ní CO2 (carbon dioxide, gáàsì tí à ń mí síta) ló ń pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ wọn. Ṣé òótọ́ ni?

OmoElejaYiyan · Ọjọ́ Ajé, 9:14 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ má bínú pé ọ̀rọ̀ mi gùn. Inú ń bí mi, ẹ̀rù sì ń bà mí, mi ò mọ èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀.

Màmá mi ti pé ọdún 69. Ẹja ni wọ́n ń yan ní etí ọ̀sà ní Ẹ̀pẹ́ láti ìgbà tí mi ò tíì dáyé. Igi ìdáná àti èéfín, láti àárọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Wọn ò fa sìgá rí. Láti bí ọdún mẹ́fà ni ikọ́ ti ń bá wọn fínra. Bí wọ́n bá gun àtẹ̀gùn mẹ́ta, wọ́n á dúró mí. Dókítà ti sọ tipẹ́ pé ẹ̀dọ̀fóró ti bàjẹ́, pé COPD ni wọ́n ń pè é.

Lánàá, èémí há. A gbé wọn dé ilé ìwòsàn kan, mi ò ní dárúkọ ẹ̀. Ẹni tó kọ́kọ́ gbà wá fi ìbòmú bò wọ́n nímú, ó ṣí ọ́síjìn sí lítà mẹ́wàá. Ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n fi há ìka ọwọ́, tó ń wo ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀, kọ 98 nínú ọgọ́rùn-ún. Ọkàn mi balẹ̀. Kò tó wákàtí kan, Màmá bẹ̀rẹ̀ sí í tòògbé. Mo ń pè wọ́n, wọ́n ń dáhùn bí ẹni tó mutí yó. Mo ní àárẹ̀ ni. Ni dókítà kan bá wọlé, obìnrin ni, kò dàgbà jù mí lọ. Ó wo ojú Màmá, ó wo 98 yẹn, ó yọ ìbòmú, ó fi rọ́bà tín-ín-rín sí wọn nímú, ó sì yí ọ́síjìn wálẹ̀ sí lítà kan. Kò pẹ́, ìka ọwọ́ ń kọ 89! Mo pariwo. Ó ní, "Ẹ fara balẹ̀, CO2 ló ń pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ wọn, ọ́síjìn tó pọ̀ jù ló ń dá kún un." Ó fa ẹ̀jẹ̀ ní ọrùn ọwọ́, ó sáré gbé e lọ sí láàbù.

Ẹ jọ̀ọ́, báwo ni ọ́síjìn ṣe ń pọ̀ jù fún ẹni tí kò rí èémí mí? Àbí wọ́n kàn ń ṣọ́ ọ́síjìn lò ni?

EnuOleDake · 9:31 alẹ́

Wọ́n ń ṣọ́ ọ lò ni, kí lẹ tún ń béèrè? Ọ̀gbẹ́ni, dìde, lọ yí i padà sókè. CO2 yìí kan náà ló ń pa èèyàn tí wọ́n bá gbé jẹnẹrétọ̀ sínú ilé sùn. Ọ́síjìn ló ń lé e jáde. Ọmọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ mọ̀ bẹ́ẹ̀.

NoosiIluOba · 9:36 alẹ́

OmoElejaYiyan, jọ̀wọ́ má fọwọ́ kan nǹkan yẹn. Má fọwọ́ kàn án rárá.

Wọ́ọ̀dù àwọn tí ẹ̀dọ̀fóró ń yọ lẹ́nu ni mo ti ń ṣiṣẹ́ níbí, ọdún kọkànlá rèé. Ohun tí dókítà yẹn ṣe ni ìlànà àwọn onímọ̀ ẹ̀dọ̀fóró ní ilẹ̀ Bìrìtìkó ní ká ṣe: ẹni tó bá ní COPD, tí CO2 sì lè máa pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, 88 sí 92 ni à ń wá lórí ìka ọwọ́. 89 tó ń bà ọ́ lẹ́rù yẹn, ibi tó yẹ kó wà gan-an nìyẹn. 98 ló yẹ kó bà ọ́ lẹ́rù.

Oorun tí Màmá ń sùn yẹn kì í ṣe àárẹ̀. Bí CO2 bá gòkè jù, ó máa ń kun èèyàn lóorun ni. Ẹ̀rọ ìka ọwọ́ ò sì lè rí i. Ọ́síjìn nìkan ló ń wò. CO2 lè gòkè dé àjà kó máa kọ 98 fún ọ.

Mò ń lọ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó wà ní wọ́ọ̀dù báyìí, mo ń padà bọ̀.

TisaKemi · 9:44 alẹ́

Ọ̀gbẹ́ni EnuOleDake, ẹ jọ̀ọ́ sà, ti jẹnẹrétọ̀ kọ́ nìyí. Carbon monoxide, CO, ni ti jẹnẹrétọ̀. Orúkọ wọn jọra, ìwà wọn ò jọra. CO máa ń di hemoglobin, púrótéènì pupa tó ń gbé ọ́síjìn nínú ẹ̀jẹ̀, mú lójú ibi tí ọ́síjìn ń jókòó sí, ó sì dì í mú ju ọ́síjìn lọ ní ìlọ́po tó lé ní 200. Kì í kúrò bọ̀rọ̀. CO2 ní tirẹ̀, inú ara wa la ti ń ṣe é ní gbogbo ìṣẹ́jú, kò sì bá ọ́síjìn jà sí ìjókòó kan ṣoṣo.

Ẹ má yí nǹkan kan sókè o.

EnuOleDake · 9:47 alẹ́

Ó dáa, tísà. Ṣùgbọ́n ìdọ̀tí ṣáà ni. À ń mí i síta ni.

BabaLaabu · 10:20 alẹ́

Ọmọ mi, pẹ̀lẹ́. Ọlọ́run á fún Màmá ní àlàáfíà. Mo ti fẹ̀yìn tì báyìí, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fà lọ́rùn ọwọ́ Màmá yẹn, ọdún 33 ni mo fi ń gba irú rẹ̀ ní ojú fèrèsé láàbù, síríńjì nínú yìnyín, ẹni tó gbé e wá á máa mí hẹlẹhẹlẹ. Mo mọ ohun tí wọ́n lọ wò.

Ẹ jẹ́ kí n dá ẹni tó pè é ní ìdọ̀tí lóhùn ná. Ẹ̀jẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde láti ẹ̀dọ̀fóró ẹni tára rẹ̀ le, èyí tí gbogbo ayé ń pè ní ẹ̀jẹ̀ mímọ́, ẹ bu mílílítà 100 nínú rẹ̀. Ọ́síjìn tó wà níbẹ̀ á tó bíi mílílítà 20. CO2 ńkọ́? Bíi 48. Ó ju ìlọ́po méjì ọ́síjìn lọ! Bí ẹ̀jẹ̀ náà bá yí ara ká tó ń padà bọ̀, CO2 á ti di 52. Mẹ́rin péré ló lé. Mẹ́rin yẹn náà ló máa sọ̀ kalẹ̀ ní ẹ̀dọ̀fóró, 48 tó kù á tún bá ẹ̀jẹ̀ yí ká. Bí èèyàn bá jókòó jẹ́ẹ́, ọkàn ń ti bíi lítà 5 ẹ̀jẹ̀ jáde ní ìṣẹ́jú kan. Ẹ ṣe ìṣirò rẹ̀: mẹ́rin mẹ́rin lọ́nà 50, mílílítà 200 CO2 ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan.

Ìdọ̀tí wo lèèyàn ń kó pamọ́ tó bẹ́ẹ̀? 48 yẹn ló ń bá ẹ̀jẹ̀ ṣọ́ ìwọ̀n kíkan rẹ̀. Bí ẹ bá kó gbogbo rẹ̀ jáde lóòjọ́, èèyàn á kú.

Báwo wá ni gáàsì tó pọ̀ tó báyìí ṣe ń gbé inú ẹ̀jẹ̀ láìhó bíi mínírà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí? Ẹ wọ ilé ìdáná lọ. Ẹ bu kaun díẹ̀ sínú abọ́, kaun tí ẹ fi ń se ewédú, kí ẹ fún ọsàn wẹ́wẹ́ lé e lórí. Á hó yaa. CO2 ni ohun tó ń hó yẹn. Ó ti wà nínú kaun látọjọ́ tí wọ́n ti wà á nílẹ̀, ó jókòó bí òkúta, kò sẹ́ni tó mọ̀ pé gáàsì wà níbẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ẹ̀jẹ̀ ń ṣe. Ibi tí iṣan ti ń ṣiṣẹ́, CO2 á rá wọ inú sẹ́ẹ̀lì pupa. Níbẹ̀ ló ti máa pàdé omi, wọ́n á di ásíìdì kan, ásíìdì náà á sì tú ká sí méjì lójú ẹsẹ̀: ìdajì rẹ̀ á di bicarbonate, tó jẹ́ ìbátan kaun, ìdajì kejì á di kíkan. Bí ẹ bá ní kí CO2 àti omi dá ṣe é fúnra wọn, ó máa pẹ́ jù. Ẹ̀jẹ̀ ò sì lò tó ìṣẹ́jú-àáyá kan nínú òpójẹ̀ tín-ín-rín kó tó kọjá. Ẹ́ńsáìmù kan ló ń bá wọn yára, carbonic anhydrase, tó ní síńkì ní àárín inú. Ẹyọ kan ṣoṣo nínú rẹ̀ lè yí CO2 tó mílíọ̀nù kan padà ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Meldrum àti Roughton ló kọ́kọ́ yọ ọ́ sọ́tọ̀ ní Cambridge, ní nǹkan bí ọdún 1933.

Bicarbonate yẹn ò ní dúró sínú sẹ́ẹ̀lì. Á jáde sínú omi ẹ̀jẹ̀, chloride, ọ̀kan nínú ohun méjì tó para pọ̀ di iyọ̀ ọbẹ̀, á sì wọlé rọ́pò rẹ̀ kí ìwọ̀n iná tó wà nínú sẹ́ẹ̀lì má bàa dojú rú. Ará Netherlands kan, Hamburger, ló ṣàlàyé ìyẹn kí ọgọ́rùn-ún ọdún tó kọjá tó bẹ̀rẹ̀.

Kíkan tó kù ńkọ́? Hemoglobin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ọ́síjìn rẹ̀ kalẹ̀ ló máa gbá a mú. Ẹ fi èyí sọ́kàn: hemoglobin tí kò gbé ọ́síjìn fẹ́ràn kíkan. Èyí tó gbé ọ́síjìn ò fẹ́ ẹ.

Mo fẹ́ jẹun alẹ́. Ẹ ró fún mi.

SegunOdunKinni · 10:33 alẹ́

Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá. Ẹ jọ̀ọ́, ìwé tiwa kọ pé ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún CO2 ló ń rìn bíi bicarbonate, 23 lórí hemoglobin, 7 ló yọ́ sínú omi ẹ̀jẹ̀ lásán. Ìwé tí ẹ̀gbọ́n mi lò kọ 90, 5, 5. Ìdánwò ń bọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì. Èwo ni kí n kọ?

TisaKemi · 10:41 alẹ́

Ségun, ohun tí tísà rẹ bá kọ́ ọ ni kí o kọ, àbúrò, má dá wàhálà sílẹ̀ níbi ìdánwò. Ṣùgbọ́n kí o mọ ìdí. 90, 5, 5 ń ka gbogbo CO2 tó wà nínú ẹ̀jẹ̀, 48 tí Bàbá sọ. Bí o bá wá ka mẹ́rin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọkọ̀ nìkan, ìṣirò náà yàtọ̀: bíi 60 bicarbonate, 30 lórí hemoglobin, 10 tó yọ́ sómi. Ẹrù tó ti wà nínú ilé àti ẹrù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ká má kà wọ́n pọ̀. Àwọn ìwé kan ò sọ èyí tí wọ́n ń kà.

Èyí tó gun orí hemoglobin yẹn náà, kì í ṣe ìjókòó ọ́síjìn ló jókòó sí. Ara púrótéènì rẹ̀ ló lẹ̀ mọ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi sọ fún EnuOleDake pé wọn ò jà sí ìjókòó kan.

BabaLaabu · 11:05 alẹ́

Mo ti dé. Àmàlà ni.

Ẹ̀jẹ̀ ti dé ẹ̀dọ̀fóró báyìí. Ọ́síjìn wọlé, ó gun hemoglobin. Mo ti sọ pé hemoglobin tó gbé ọ́síjìn ò fẹ́ kíkan. Á ju kíkan tó gbá mú lọ́jọ́sí sílẹ̀. Kíkan yẹn á bọ́ lu bicarbonate, bí ọsàn wẹ́wẹ́ ṣe ń bọ́ lu kaun. Á hó, á tún padà di CO2, á jáde sínú àwọn àpò kéékèèké tó wà nínú ẹ̀dọ̀fóró, ẹ ó sì mí i síta. CO2 tó lẹ̀ mọ́ ara hemoglobin náà, ọ́síjìn tó dé á tì í kúrò.

Nítorí náà, nínú ẹ̀dọ̀fóró, ọ́síjìn gan-an lọsàn wẹ́wẹ́. Òun ló ń mú kí ẹ̀jẹ̀ sọ CO2 rẹ̀ kalẹ̀. Christiansen, Douglas àti Haldane ló kọ ọ́ jáde ní ọdún 1914, orúkọ Haldane nìkan ló wá mọ́ ọn lórí. Christiansen ni orúkọ rẹ̀ ṣáájú lórí ìwé náà, obìnrin ni, ará Denmark. Inú máa ń bí mi bí mo bá rántí.

Ọmọ mi, níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ Màmá ti bẹ̀rẹ̀. Ọ́síjìn lítà mẹ́wàá jẹ́ ọsàn wẹ́wẹ́ púpọ̀. CO2 á hó jáde kúrò lórí hemoglobin. Ẹni tára rẹ̀ le á kàn mí kíákíá díẹ̀, á sì jáde. Màmá ńkọ́?

NoosiIluOba · 11:40 alẹ́

Ẹ kú orí ire, Bàbá. Mi ò tíì gbọ́ ọ báyìí rí, ti kaun yẹn. Ẹ jẹ́ kí n gbà á níbi tí ẹ gbé e dé.

Màmá ò lè mí kíákíá mọ́. Ọ̀nà atẹ́gùn wọn ti dín, èémí tí wọ́n fẹ́ mí síta ń há sínú, iṣan àyà sì ti rẹ̀. CO2 tí ọ́síjìn tì kúrò lórí hemoglobin ò rí ọ̀nà àbáyọ, inú ẹ̀jẹ̀ ló kù sí.

Ìdí kejì wà, ọ̀pọ̀ wa sì gbà pé ó lágbára ju ìyẹn lọ. Ẹ̀dọ̀fóró tó ti bàjẹ́ kì í bàjẹ́ bákan náà yíká. Apá kan ṣì ń gba afẹ́fẹ́, apá kan ti di ahoro. Ara gbọ́n: níbi tí kò bá sí ọ́síjìn, á fún òpójẹ̀ ibẹ̀ pa, kí ẹ̀jẹ̀ má lọ ṣòfò níbẹ̀, kó gba ibi tí afẹ́fẹ́ wà. Bí ẹ bá wá rọ́ ọ́síjìn wọlé wìì, díẹ̀ á dé ahoro náà, òpójẹ̀ á ṣí, ẹ̀jẹ̀ á tú lọ síbẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí èémí gidi tó ń wọ ibẹ̀ tó ń jáde. Ẹ̀jẹ̀ á débẹ̀ tòun ti CO2 rẹ̀, á sì kúrò níbẹ̀ tòun ti CO2 rẹ̀. Bí ọlọ́jà tó gbé ẹrù dé ọjà tí kò sẹ́nìkan.

SegunOdunKinni · 11:46 alẹ́

Ẹ̀gbọ́n, wọ́n kọ́ wa pé irú aláìsàn bẹ́ẹ̀, àìtó ọ́síjìn nìkan ló ń rán ara rẹ̀ létí pé kó mí, bí ẹ bá fún un ní púpọ̀, á gbàgbé àti mí.

NoosiIluOba · 11:52 alẹ́

Àlàyé àtijọ́ nìyẹn, Ségun. Ipa tirẹ̀ kéré sí méjì tí a sọ tán yìí. Ewu ibẹ̀ ni pé bí o bá gba ìyẹn gbọ́ nìkan, wàá máa wò bóyá aláìsàn ṣì ń mí. Á máa mí lójú ẹ o, CO2 á sì máa gòkè.

Fún ẹni tó rò pé à ń ṣahun: ní Tasmania, erékùṣù kan ní Australia, àwọn kan ṣe ìwádìí tó jáde ní ọdún 2010. Aláìsàn 405, inú ọkọ̀ áḿbúláńsì ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n fún apá kan ní ọ́síjìn rẹpẹtẹ, wọ́n wọn tàwọn yòókù, 88 sí 92. Ìdá 9 nínú ọgọ́rùn-ún kú lára àwọn tó gba rẹpẹtẹ. Ìdá 4 kú lára àwọn tí wọ́n wọ̀n fún. Aláìtó ọ́síjìn lè kú o, a ò sọ pé kí wọ́n má fún wọn. Wíwọ̀n ni ọ̀rọ̀ wà.

OmoElejaYiyan · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 12:18 òru

Mo ń ka gbogbo rẹ̀ lórí àga ẹnu ọ̀nà wọ́ọ̀dù. Ẹ ṣeun. Èsì ẹ̀jẹ̀ ti dé, mo bẹ̀ wọ́n kí n kọ ọ́ sílẹ̀:

pH 7.30
PCO2 68
Bicarbonate 32

Bàbá, kí ló ń sọ?

BabaLaabu · 12:29 òru

Mi ò tíì sùn. Ó dára pé o béèrè, ṣùgbọ́n dókítà tó rí wọn lójúkojú ló lọ̀rọ̀ o, èmi ń ka nọ́ńbà lásán ni.

PCO2 ni agbára tí CO2 fi ń ti ara rẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀. 35 sí 45 ló yẹ kó wà. 68 ga. pH ni kíkan ẹ̀jẹ̀, 7.35 sí 7.45 ni ilé rẹ̀, bó bá ṣe ń wálẹ̀ ló ń kan sí i. 7.30, ó ti kan. Ṣùgbọ́n wo bicarbonate: 22 sí 26 ló yẹ kó jẹ́, ti Màmá jẹ́ 32. Kíndìnrín ló ń ṣe é. Bí CO2 bá pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ fọ́jọ́ pípẹ́, kíndìnrín á máa ṣọ́ bicarbonate mọ́lẹ̀, á máa tọ kíkan dànù, kí ìwọ̀n má bàa dà. Kì í ṣe iṣẹ́ wákàtí kan, ó ń gba ọjọ́ mélòó kan. Nítorí náà, 32 yẹn ń sọ fún wa pé CO2 Màmá ti ń ga láti ìgbà pípẹ́, láti ìgbà tí wọ́n ti ń dúró lórí àtẹ̀gùn mẹ́ta. Èyí tó gorí rẹ̀ lánàá ni ara ò tíì rí àyè dáhùn.

Ká ní kíndìnrín ò tíì ṣiṣẹ́ yẹn ni, tí bicarbonate ṣì wà ní bíi 26, 68 yẹn á ti fa pH wálẹ̀ sí bíi 7.2. Ara Màmá ti ń jà tipẹ́ láìsọ fún ẹnikẹ́ni.

OmoElejaYiyan · 12:34 òru

Wọn kì í sọ. Wọ́n á ní èéfín ló kó sí wọn lọ́fun.

AlejoKalaba · 7:10 àárọ̀

Ẹ kú àárọ̀ o. Mo ti ka gbogbo rẹ̀. Ìyá mi tó jẹ́ ará Cameroon sọ fún wa pé CO2 pa odindi abúlé níbẹ̀ lóru ọjọ́ kan. Ṣé òun náà ni?

TisaKemi · 7:25 àárọ̀

Òun náà ni. Adágún Nyos, ọjọ́ 21 oṣù kẹjọ ọdún 1986. CO2 tó ti kó jọ sísàlẹ̀ omi náà tú jáde lẹ́ẹ̀kan náà, ó wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ó ṣàn gba àfonífojì bí omi. Èèyàn bíi 1,700 ló kú, àti màlúù wọn. Níbẹ̀, láti ìta ló ti wọlé. Ti Màmá yìí, láti inú ni, kò rí ọ̀nà jáde ni. Ìpalára wọn nínú ẹ̀jẹ̀ jọra: kíkan, oorun, lẹ́yìn náà òkùnkùn.

EnuOleDake · 7:40 àárọ̀

Mo gba pé mo ṣe wéré alẹ́ àná, ẹ má bínú. Ìbéèrè kan. Nígbà tí a wà lọ́mọdé, bí a bá fẹ́ rì sábẹ́ omi pẹ́, a máa ń kọ́kọ́ mí kíákíákíá, ogún, ọgbọ̀n ìgbà. À ń pẹ́ lábẹ́ omi lóòótọ́. Ṣé ọ́síjìn la ń kó pamọ́ ni?

NoosiIluOba · 8:02 àárọ̀

Háà. Kò pọ̀, ọ́síjìn tí ẹ kó. CO2 lẹ dànù. CO2 ni aago tó ń jí ọpọlọ pé "mí!" Ní ọdún 1905 ni Haldane yìí kan náà àti Priestley ti fi hàn pé CO2 tó wà nínú ẹ̀dọ̀fóró ló ń darí bí a ṣe ń mí. Bí ẹ bá dí imú yín báyìí, ohun tó máa fipá mú yín mí kì í ṣe pé ọ́síjìn tán. CO2 tó ń kún ni. Bí ẹ bá mí i dànù kí ẹ tó wọ omi, aago ò ní dún. Ọ́síjìn á tán, ẹ ó dákú lábẹ́ omi láìmọ̀ pé ẹ̀ ń kú lọ. Báyìí ni ọ̀pọ̀ ọmọ tó mọ omi wẹ̀ dáadáa ṣe ń bómi lọ, tí wọ́n á máa ní òrìṣà ló mú wọn. Ẹ sọ fún àwọn ọmọ yín.

EnuOleDake · 8:05 àárọ̀

Ọ̀rẹ́ wa kan lọ bẹ́ẹ̀. Mi ò mọ̀ títí di òní.

OmoElejaYiyan · 4:50 ìrọ̀lẹ́

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́. Wọ́n fi oògùn tó ń la ọ̀nà èémí sínú ẹ̀rọ tó ń rú èéfín bí iṣu tó ń hó, Màmá fà á símú lọ́nà mẹ́ta. Wọ́n fún wọn lábẹ́rẹ́. Ní nǹkan bí aago méjì òru, wọ́n gbé ẹ̀rọ kan wá tó ní ìbòmú líle, ó ń ti afẹ́fẹ́ sínú bí wọ́n bá mí sínú, ó ń dẹwọ́ bí wọ́n bá mí síta. Màmá bú mi pé mo fẹ́ fi rọ́bà pa àwọn. Ìgbà tí wọ́n bú mi yẹn ni mo mọ̀ pé ara ń bọ̀ sípò.

Wọ́n tún fa ẹ̀jẹ̀ lọ́sàn-án yìí. pH 7.36. PCO2 58. Ìka ọwọ́ ń kọ 90, mi ò pariwo mọ́.

BabaLaabu · 4:58 ìrọ̀lẹ́

Alhamdulillah! Bicarbonate ńkọ́?

OmoElejaYiyan · 5:01 ìrọ̀lẹ́

32 náà ni, kò yí padà.

BabaLaabu · 5:06 ìrọ̀lẹ́

Kò lè tíì yí padà. Èémí ń tún CO2 ṣe láàárín ìṣẹ́jú, kíndìnrín ní tirẹ̀, àgbàlagbà ni, kì í sáré. 58 yẹn náà, má retí pé kó di 40. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé òkè níbẹ̀ ni Màmá ti ń gbé tipẹ́.

NoosiIluOba · 6:15 ìrọ̀lẹ́

Ọpẹ́ ni. Kí ẹ tó kúrò níbẹ̀, sọ fún dókítà kó kọ ọ́ sínú ìwé ìjáde Màmá gàdàgbà: ọ́síjìn 88 sí 92. Níbí, a máa ń fún wọn ní káàdì tí wọ́n ń fi sínú àpò. Bí kò bá sí níbẹ̀, kọ ọ́ sínú páálí, kó wà nínú báàgì wọn. Ìgbà mìíràn, ó lè má jẹ́ ìwọ lo máa gbé wọn wọlé, ẹni tó bá sì wà lẹ́nu ọ̀nà á tún ṣí i sí mẹ́wàá.

Ìdí iná ńkọ́? Ṣé ẹ ti bá wọn sọ ọ́?

OmoElejaYiyan · 6:32 ìrọ̀lẹ́

Dókítà sọ ọ́ lójú mi, pé kí wọ́n má padà sídìí èéfín mọ́. Màmá ní àwọn ti gbọ́. Dókítà fẹ̀yìn sí, wọ́n fà mí sún mọ́ra, wọ́n ní ṣé mo bo ẹja tó wà lórí àgbáàn ọjọ́ Àìkú, àbí ológbò ti jẹ ẹ́.